Wọ́n Ní Kí Wíńgà Lọ Gbá Ẹ̀yìn: Ìyà Ni àbí Ọ̀nà Àbáyọ?

Kò sí ilé ìwo bọ́ọ̀lù tí irú àríyànjiyàn yìí kì í ti í wáyé. Orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù á jáde, ẹnì kan á wo fóònù rẹ̀, á sì pariwo pé, "Ṣé orí kóòṣì yìí pé ṣá? Wíńgà ló mà lọ fi sẹ́yìn yìí o!" Kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀ tán, ẹlòmíì á ti dá a lóhùn pé kó fi kóòṣì sílẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe. Títí bọ́ọ̀lù á fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ní í tán. Bí ikọ̀ náà bá wá borí, kóòṣì di ọlọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, òun ló máa ru gbogbo ẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju àwàdà ilé ìwo bọ́ọ̀lù lọ. Ibi tí agbábọ́ọ̀lù bá ń dúró sí lórí pápá wà lára ohun tó ń sọ iye owó tí wọ́n máa san fún un, iye ọdún tó máa fi rí iṣẹ́ ṣe, àti bóyá wọ́n á ránṣẹ́ pè é sí Super Eagles àbí wọn ò ní í pè é. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n dá wọn padà sí ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjókòó orí bẹ́ǹṣì. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n kúrò lẹ́yìn ni ayé wọn tó yí padà. Kí ló ń mú un bọ́ sí i? Kí ló sì ń mú un bàjẹ́?

Victor Moses àti ọjọ́ tí nǹkan yí padà

Bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí, Victor Moses ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Chelsea rà á lọ́wọ́ Wigan lọ́dún 2012, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá a fáwọn ẹgbẹ́ míì. Sáà 2013 sí 2014, Liverpool ló wà. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó di ọ̀dọ̀ Stoke City. Lẹ́yìn ìyẹn, West Ham. Sáà mẹ́ta gbáko ló fi ń ti ilé onílé kan bọ́ sí òmíì. Wíńgà ni, ó lè sáré, ó sì mọ bọ́ọ̀lù fi dárà, àmọ́ ní Chelsea, àwọn bí Eden Hazard, Willian àti Pedro ni wọ́n ń gbá ipò tó ń wá.

Antonio Conte dé lọ́dún 2016. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, Arsenal na Chelsea ní 3-0. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ náà tó parí ni Conte ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ọmọ rẹ̀ tò. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, tí wọ́n lọ bá Hull City nílé wọn, èèyàn mẹ́ta ló fi sí àárín ẹ̀yìn. Ó ní kí Moses mú gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, láti ẹ̀yìn títí dé iwájú, kí Marcos Alonso sì mú ẹ̀gbẹ́ òsì. Ipò tí wọ́n ń pè ní wing-back nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, wíńgà ni. Bí wọ́n bá ti gbà á lọ́wọ́ wọn, kó tètè sá padà wá ṣọ́lé ni.

Chelsea jáwé olúborí ní 2-0 lọ́jọ́ náà. Láti ibẹ̀, wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lìígì 13 léra wọn, kò sì sẹ́ni tó dá wọn dúró títí Tottenham fi nà wọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2017. Nígbà tí sáà parí, àmì 93 ni wọ́n ní, wọ́n borí nígbà 30 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, ife ẹ̀yẹ Premier League sì di tiwọn. Moses tí wọ́n ń yá kiri lána di ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ohun tí Moses ṣe gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe idán

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé Conte kàn fa Moses sẹ́yìn, nǹkan sì dáa lójú ẹsẹ̀. Ó níye ohun tó ti í lẹ́yìn.

Àkọ́kọ́, wọn ò dá a dá ẹ̀yìn. César Azpilicueta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Azpilicueta yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ tinú tẹ̀yìn, tí Conte wá fà wọ àárín. David Luiz àti Gary Cahill wà níbẹ̀. N'Golo Kanté àti Nemanja Matić wà níwájú wọn, wọ́n ń gbá gbogbo ilẹ̀ àárín. Nítorí náà, bí Moses bá gòkè lọ tí kò tètè dé, ẹnì kan wà tó máa sún bo ojú ibẹ̀.

Ìkejì ni àsìkò. Ipò kẹwàá ni Chelsea ṣe nínú lìígì sáà tó ṣáájú, wọn ò sì rí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù kankan lọ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá míì ń wọ bàálù kiri láàárín ọ̀sẹ̀, Conte àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà lórí pápá ìgbáradì. Ohun kan náà ni wọ́n ń tún ṣe lójoojúmọ́ títí tó fi mọ́ wọn lára.

Ìkẹta, wọn ò fi òṣùwọ̀n àtijọ́ wọn Moses mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé góòlù mélòó ló jẹ. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, àti bóyá ó ń fún àwọn tó wà níwájú láyè láti ṣe tiwọn.

Ohun tó mú iṣẹ́ ẹ̀yìn le

Iṣẹ́ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ti iwájú gan-an. Agbábọ́ọ̀lù iwájú lè ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, bó bá ti rí ẹyọ kan gbá sáwọ̀n, akọni ni lójú gbogbo ayé. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lè ṣe dáadáa fún ìṣẹ́jú 89, bó bá wá gbàgbé ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan tó kù, òun ni wọ́n máa bú dalẹ́.

Níwájú, bọ́ọ̀lù lèèyàn ń wò. Lẹ́yìn, ojú kan ní láti wà lára bọ́ọ̀lù, kí ìkejì wà lára ẹni tó ń yọ́ bọ̀. Ibẹ̀ ni wíńgà tí wọ́n dá padà sẹ́yìn ti sábà máa ń kó sí wàhálà. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ kejì wá, á tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù, ẹni tó yẹ kó ṣọ́ á sì ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ó tún máa ń yára na ẹsẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù, nígbà tó yẹ kó rọra máa fà sẹ́yìn títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Bó bá jẹ́ inú bọ́kìsì ló ti na ẹsẹ̀ yẹn, pẹ́náritì ti dé nìyẹn. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá jọ sún síwájú láti fi mú alátakò ní offside, tóun nìkan gbàgbé ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ti ba gbogbo ètò jẹ́.

Ìwà àtijọ́ náà kì í tètè lọ. Ní àṣekágbá FA Cup, ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 2017, Moses ti gba káàdì yẹ́lò kan nígbà tó sáré wọ bọ́kìsì Arsenal, ó sì ṣubú. Rẹfirí Anthony Taylor ní ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, ó fún un ní káàdì kejì, ó sì lé e jáde. Arsenal gba ife náà ní 2-1. Ẹni tó ti fi gbogbo sáà ṣọ́ ẹ̀gbẹ́, iwájú níbi tó ti ń wá pẹ́náritì ni wọ́n ti lé e kúrò.

Super Eagles ò ní àsìkò tí Conte ní

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àti ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Kóòṣì Chelsea ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kóòṣì Super Eagles ń rí tiẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà kálukú á wọ bàálù padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ wíńgà di agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn láàárín ọjọ́ mẹ́rin?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí àwọn ẹgbẹ́ bá ti sè sílẹ̀ ni kóòṣì Super Eagles ń bù. Ní ìdíje ife àgbáyé ọdún 2018 ní Rọ́ṣíà, iwájú ni Gernot Rohr kọ́kọ́ fi Moses sí nígbà tí Croatia na Nàìjíríà ní 2-0. Nígbà tó kan Iceland, Rohr fi èèyàn mẹ́ta sí àárín ẹ̀yìn, ó sì fún Moses ní iṣẹ́ tó ti mọ̀ ní Chelsea. Ahmed Musa gbá góòlù méjì sáwọ̀n, Nàìjíríà borí ní 2-0. Ètò kan náà ni wọ́n bá Argentina pàdé ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà. Moses fi pẹ́náritì dá góòlù Lionel Messi padà, ó sì ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí Nàìjíríà kọjá sí ìpele tó kàn.

Ta ló wá gba ọ̀nà yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́? Marcos Rojo ni, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó gòkè wá láti ilé Argentina, tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 86. Kò sẹ́ni tó rò pé òun ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ lójú ilé.

José Peseiro náà tọ ọ̀nà yìí ní ìdíje AFCON tó wáyé ní Ivory Coast níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Lẹ́yìn ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea, ó fi Semi Ajayi, William Troost-Ekong àti Calvin Bassey sí àárín ẹ̀yìn, Ola Aina àti Zaidu Sanusi sì ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n gbá léra wọn tí ẹnikẹ́ni ò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wọn: Ivory Coast, Guinea-Bissau, Cameroon àti Angola.

Ní àṣekágbá ọjọ́ 11, oṣù kejì, Troost-Ekong, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn, ló kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà fà sẹ́yìn jù. Bí wing-back méjèèjì bá ti há sẹ́yìn, èèyàn márùn-ún ló kù tó ń ṣọ́lé, kò wá sí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù máa gbà dé ọ̀dọ̀ Victor Osimhen mọ́. Simon Adingra, wíńgà Ivory Coast, rí ilẹ̀ sá. Kọ́nà tó gbá ni Franck Kessié fi orí kàn wọlé, bọ́ọ̀lù tó tún jù wọ bọ́kìsì ni Sébastien Haller fi ẹsẹ̀ ràn sáwọ̀n. Ó parí sí 2-1. Ètò tó gbé wọn dé àṣekágbá náà ló wá há wọn mọ́lé, torí pé ìdajì iṣẹ́ wing-back nìkan ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà náà ò mọ sí ẹ̀yìn nìkan

Bí wọ́n ṣe ń dá àwọn kan padà sẹ́yìn ni wọ́n ń ti àwọn mìíràn síwájú. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn apá òsì ni Gareth Bale nígbà tí Tottenham rà á lọ́wọ́ Southampton lọ́dún 2007. Ìgbà tí Harry Redknapp gbé e síwájú ni aráyé tó mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Inter ti ń na Tottenham ní 4-0 ní San Siro kí Bale tó dá góòlù mẹ́ta padà nìkan. Nígbà tó di ọdún 2013, Real Madrid san owó tí wọn ò tí ì san rí lórí agbábọ́ọ̀lù kankan láti rà á.

Bukayo Saka náà nìyẹn, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n bí sí London. Wíńgà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn apá òsì fara pa ní Arsenal ní sáà 2019 sí 2020, òun ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Ipò wing-back apá òsì ló ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún England, nígbà tí wọ́n bá Wales pàdé ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Lọ́dún 2024, nínú ìdíje Euro, Gareth Southgate tún fi í ṣe wing-back, lápá ọ̀tún lọ́tẹ̀ yìí, níwájú Switzerland. Ìṣẹ́jú 80 ni Saka gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tó gba England kalẹ̀, wọ́n sì jáwé olúborí nínú pẹ́náritì. Lóòótọ́, Arsenal ò jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn pẹ́. Wọ́n mọ̀ pé iwájú lowó rẹ̀ wà.

Ademola Lookman wá jẹ́ ẹ̀rí apá kejì. Ẹ̀gbẹ́ pápá ló ti ń sá tipẹ́, àmọ́ nígbà tó dé Atalanta, Gian Piero Gasperini mú un sún mọ́ ojúlé. Ní ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 2024, ó gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Atalanta fi na Bayer Leverkusen ní 3-0 ní àṣekágbá Europa League. Lọ́dún náà, òun ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà.

Ẹ fi Moses àti Lookman wéra. Ọ̀kan sún sẹ́yìn, ó gba ife lìígì. Ọ̀kan sún síwájú, ó gba àmì ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé kóòṣì wọn rí ohun tó wà lára wọn, ó sì fara balẹ̀ kọ́ wọn.

Àwọn obìnrin náà ò gbẹ́yìn. Michelle Alozie, tó ń gbá ẹ̀yìn fún Super Falcons, iwájú ló ń gbá nígbà tó wà ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 2025, nígbà tí Nàìjíríà àti South Africa wà ní 1-1 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá WAFCON, àfikún àsìkò ti fẹ́ parí nígbà tó ta bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù yẹn bọ́ sáwọ̀n tààrà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Falcons gba ife kẹwàá wọn.

Ìṣòro ilé wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n rèé. Nínú àwọn márùn-ún tí Peseiro gbára lé lẹ́yìn ní AFCON yẹn, Sanusi nìkan ló dàgbà sí Nàìjíríà. England ni Aina, Ajayi àti Bassey dàgbà sí, Netherlands ni wọ́n bí Troost-Ekong sí. Bright Osayi-Samuel tó tún máa ń gbá ẹ̀yìn apá ọ̀tún, London ló dàgbà sí, wíńgà sì ni nígbà tó wà ní QPR kí Fenerbahçe tó sọ ọ́ di agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Ẹ wá wo iwájú: Osimhen dàgbà sí Olúsosùn l'Ékòó, Samuel Chukwueze àti Moses Simon náà, Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́ bọ́ọ̀lù.

Kí ló fà á? Ẹ dé pápá ìṣeré àdúgbò lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ló ń gbá nọ́ńbà 9. Ẹni tó lè sáré, wíńgà ni. Ẹni tí wọn ò bá mọ ibi tí wọ́n máa fi sí ni wọ́n ń tì sẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bá dá padà sẹ́yìn á rò pé wọ́n fìyà jẹ òun, bàbá rẹ̀ tó dúró létí pápá náà á máa bínú. Tí agbábọ́ọ̀lù iwájú bá wá pọ̀ bí eṣú, ọgọ́rùn-ún ọmọ á máa du ipò kan, nígbà tí ipò ẹ̀yìn apá òsì wà lófìfo.

Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yíyá tí ọmọ yẹn fi ń sá ní ẹ̀gbẹ́ pápá gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù ń wá fún ẹ̀yìn báyìí. Ẹni tó lè sáré gòkè, tó lè jù bọ́ọ̀lù tó dáa wọ bọ́kìsì, tó sì lè sáré padà, kò ní í pẹ́ ríṣẹ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ èèyàn, kí wọ́n sì kọ́ ọ nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọdún 14, kó má jẹ́ ìgbà tó bá pé 25 tí ẹlòmíì fara pa. Kóòṣì tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ pe ọmọ náà jókòó, kó ṣàlàyé ohun tó rí lára rẹ̀. Kó jẹ́ kí ó gbá ipò méjèèjì nínú ìgbáradì. Kó má sì máa bú u nítorí pé kò jẹ góòlù mọ́.

Nítorí náà, nígbà mìíì tí orúkọ bá jáde, tí wíńgà kan bá tún wà lẹ́yìn, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bi ara wọn kí wọ́n tó bú kóòṣì. Ṣé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa bo àṣìṣe rẹ̀? Ṣé ó ti ń gbá ipò yìí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ àbí òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un? Ṣé wọ́n ní kó máa gòkè àbí kó jókòó sẹ́yìn? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dáa, ẹ rántí pé àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Bí kò bá dáa, a jẹ́ pé ẹni tó pariwo nílé ìwo bọ́ọ̀lù yẹn ò parọ́.